Ìdọ̀bálẹ̀ Dánàdánà Ẹlẹ́ṣin

Ọkùnrin kan wà tí ó ń dánà lórí ẹṣin. Láyé àtijọ́ ni, nígbà tí irú wọn pọ̀ lójú ọ̀nà ọ̀dàn, tí ẹlẹ́sẹ̀ kò sì lè sá fún ẹlẹ́ṣin. Ọkùnrin yìí burú, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Bí ó bá ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń gbà á.

Ní ọjọ́ kan, ó dá àwọn arìnrìn-àjò dúró. Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn tí ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àdí, ọṣẹ àti osùn tí wọn yóò fi tọ́jú ọmọ tuntun wà nínú agbọ̀n rẹ̀, kò sì ní òmíràn. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí agbọ̀n yìí láti orí ẹṣin. Inú bí ìyá náà. Ó bi í léèrè bóyá orí ẹṣin ni wọ́n ti ń kí àgbà ní ilé bàbá rẹ̀.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé idà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kí ó dìde. Ìyá yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Àdúrà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é fún ìyá tí ó bí i, ó ṣe é fún aya rẹ̀, ó ṣe é fún àwọn ọmọ tí kò tíì bí, ó sì ń ṣẹ́jú sí àwọn tó kù. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀, ó ń ṣe àmín.

Wọ́n gbé idà. Wọ́n fa ẹṣin. Ó gbọ́ ìró pátákò tí ó ń lọ.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n dìde?”

“N kò tíì parí. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí o pàdánù ohun tí o ní.”

Ó ṣe àmín sí ìyẹn pẹ̀lú.

Nígbà tí ìyá náà ní kí ó dìde, wọ́n ti yí i ká, okùn ẹṣin rẹ̀ ni wọ́n sì fi dè é. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ṣáà bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá náà gbé agbọ̀n rẹ̀ rù.

“O bọ̀wọ̀ fún mi,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ọmọ mi ni o fẹ́ jà lólè.”

Má rẹ́rìn-ín jù, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ náà mọ ìdọ̀bálẹ̀ í ṣe. Láàárọ̀ àná, níwájú àna rẹ, àyà rẹ kan ilẹ̀, gbogbo wa ni a yìn ọ́. Ìyàwó rẹ dúró lẹ́yìn rẹ, ó fa gèlè bo ibi tí ojú rẹ̀ ti wú. Mo rí i, ó sì dùn mí. Àna rẹ lè jẹun kí ó sì sùn láìsí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ. Ọmọ rẹ̀ ni kí o má nà mọ́.