Aṣọ Etù Tí Ó Di Ìbora Ọkọ́

Iná jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, awo ẹnu ẹwìrì. Irin tutù nini, awo inú omi. Àwọn ni wọ́n dífá fún Ògúngbèmí, olórí alágbẹ̀dẹ, ní ọjọ́ tí ìfẹ́ fẹ́ mú un ná ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àṣà kan wà ní àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó ń yọ ọkọ́ sọ́tọ̀ nínú èyí tí wọ́n bá rọ, olórí a sì kó o sínú àká. Bí iná bá ti ba ojú òṣìṣẹ́ jẹ́, tí kò lè rọ irin mọ́, ọkọ́ wọ̀nyí ni wọn yóò máa fi pààrọ̀ iṣu àti epo fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ògúngbèmí ń fẹ́ Mosúnmọ́lá. Bí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà odò, ọmọ owú a dúró sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúnṣakin, bàbá ọmọbìnrin náà, ti fọ́jú sídìí iná. Ọkọ́ tirẹ̀ náà wà nínú àká. Ìgbéyàwó kù dẹ̀dẹ̀, Ògúngbèmí kò sì ní ju aṣọ etù kan ṣoṣo tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣówándé ọlọ́kọ̀ ojú omi wá bá a.

“Ọkọ ìyàwó, kó gbogbo ọkọ́ yẹn sínú ọkọ̀ mi. Bí mo bá tà wọ́n, ọ̀kan á di méjì. Àwọn bàbá á gba tiwọn, ìwọ á fi èrè gbé ìyàwó. Ta ni yóò mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúngbèmí létí. Ó gbéra, ó tọ àwọn awo lọ.

Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé, epo, àti aṣọ etù rẹ̀. Kí ó ya aṣọ náà, kí ó rẹ ẹ́ sínú epo, kí ó fi di ọkọ́. Wọ́n ní ọkọ́ arúgbó kì í ṣe ohun ìdána. Kí ó má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Kí ó má sì dá ilẹ̀kùn àká ṣí mọ́, àfi kí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ín wà níbẹ̀.

Aṣọ yẹn dùn ún wọ eegun. Síbẹ̀ ó rúbọ. Ó kó ọkọ́ díẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tí ń lọ sí ọ̀dàn, ó fún Ṣówándé ní díẹ̀ láti tà, ó di èyí tí ó pọ̀ jù sílé. Ògúnṣakin jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣówándé rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọkọ ìyàwó tí ó daṣọ bo irin, tí òun fúnra rẹ̀ wà níhòòhò.”

Mosúnmọ́lá ń kọjá. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé aṣọ ni mo sọ fún yín pé mo fẹ́ fẹ́?”

Òjò ńlá dé. Ọkọ̀ Ṣówándé fọ́, ọkọ́ inú rẹ̀ rì. Agbára káká ni ó fi wẹ̀ jáde. Òjò náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí irin gbogbo ìlú dípẹtà. Àwọn àgbẹ̀ ń wá ọkọ́ kiri. Ògúnṣakin tú aṣọ etù, ọkọ́ ń kọ mànà. Iṣu wọlé, epo wọlé. Àwọn tí ó lọ sí ọ̀dàn kó iyọ̀ dé. Kò sí arúgbó tí ebi pa.

Àwọn ìyá arúgbó ran òwú, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n gbé e fún ahunṣọ. Aṣọ etù tuntun ni Ògúngbèmí wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ògúnṣakin di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọwọ́ tí kò jẹ ọkọ́ mi, òun ni mo fa ọmọ mi lé.”

Ògúngbèmí jó yí owú ká, ó ń yin awo ẹnu ẹwìrì, ó ń yin awo inú omi. Ó gbọ́ ìmọ̀ràn, ó rúbọ, ire aya àti ire ogbó sì wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ohun àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe.

Ṣówándé náà wá jẹ iṣu. Nígbà tí ó yó, ó sún mọ́ ọkọ ìyàwó.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò wá ẹni tí yóò máa fin ẹwìrì? Èmi náà yóò dàgbà.”