Ọrun Ẹnu Ọ̀nà Ọmọba Táṣà

"Ọrun tí a kọ́ de ọkùnrin, obìnrin lè ta á." Àwọn àgbà a máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Èmi náà, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni n ó ṣe sọ ọ́. N ò ní fi kún un, torí ọ̀rọ̀ ilé ọba ni, ẹnu sì gbọ́dọ̀ rọra níbẹ̀.

Láyé ìgbà tí àwọn Mánṣù ń jọba ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọmọba kan wà tó ń jẹ́ Táṣà. Ọ̀já aláwọ̀ ìyeyè ló máa ń dì mọ́dìí, àmì pé ẹ̀jẹ̀ ọba ni. Ọmọbìnrin mẹ́fà ló bí, kò bí ọkùnrin kankan. Àṣà wọn sì ni pé bí a bá bí ọkùnrin, wọ́n á gbé ọrun kékeré kọ́ sí apá òsì ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ obìnrin, aṣọ pupa péńpé ni wọ́n á so sí apá ọ̀tún.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ìkeje, ara Táṣà ò gbà á mọ́. Ọmọ ò tíì bọ́ sílẹ̀ tó fi gbé ọrun kọ́. Kì í tilẹ̀ ṣe ọrun kékeré o, ọrun ogun bàbá rẹ̀ gan-an ni.

Ìyàwó ké láti inú yàrá: "Baba Ílíhà, ṣé ẹ ti yọjú wo inú mi ni?"

"Ìwọ ṣáà bí i. Ọkùnrin ni!"

Obìnrin ló bí.

Kí Táṣà tó sáré dé ẹnu ọ̀nà, àbúrò bàbá ọba ti dúró síbẹ̀ lórí ẹṣin. Ó ti rí ọrun, ó sì ti ránṣẹ́ sí ọba pé ọkùnrin dé. Nígbà tó gbọ́ òótọ́, ojú rẹ̀ le.

"Táṣà, o ti mú mi purọ́ fún ọba. Ọrun yìí ní tafàtafà tuntun wà nílé. Òun dà? Bí kò bá sí, tú ọ̀já ìdí rẹ, o kì í ṣe ọmọba mọ́."

Táṣà na ọwọ́ sí kókó ọ̀já. Ni Ílíhà, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bá jáde.

"Bàbá àgbà, ẹ dákun, èmi ni tafàtafà ilé yìí."

"Ìwọ kẹ̀? Ọrun yẹn ga jù ọ́ lọ!"

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e wò ná, sà."

Ìyá rẹ̀ ti tọ́jú aṣọ pupa sábẹ́ ìrọ̀rí, ó kúkú mọ ọkọ rẹ̀. Ílíhà sáré mú un wá, ó so ó mọ́ ọfà kan, ó gbé ọrun sọ̀kalẹ̀, ó rìn sẹ́yìn títí ó fi kan ilé ẹṣin. Ó fa ọsán. Gbì! Ọfà wọ òpó apá ọ̀tún, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀.

Bàbá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì.  Ó wá bú sẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ já bọ́.

"Tafàtafà wà nílé lóòótọ́, ọmọ tuntun náà sì ti gba aṣọ rẹ̀. N ó sọ ọ́ fún ọba bó ṣe rí. Táṣà, fún ọ̀já rẹ le dáadáa. Kí lẹ sè?"

Wọ́n jẹ, wọ́n yó. Ọwọ́ Ílíhà ni ọrun náà kù sí.

Nítorí náà, bí ohun tí ènìyàn ń retí ò bá dé, tí òmíràn sì dé dípò rẹ̀, tó wá fajú ro, ìgbà yẹn ni àgbà máa ń sọ ọ́: ọrun tí a kọ́ de ọkùnrin, obìnrin lè ta á. Gbé e lé e lọ́wọ́ ná, kí o wò ó.