Ìdí Tí Ekòlò Fi Ń Kó Òkìtì sí Ẹnu Ọ̀nà Rẹ̀

Nígbà láéláé, ilẹ̀ oko tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò ní àwọn òkìtì kéékèèké tí à ń rí lẹ́yìn òjò lónìí. Abẹ́ ilẹ̀ náà ni Ekòlò ń gbé, ṣùgbọ́n kì í kó erùpẹ̀ jáde rárá.

Ní àkókò yẹn, Ìyá Ìnàkí nìkan ló mọ òǹkà. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi àràbà, ó sì ránṣẹ́ pe gbogbo ẹranko. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ òǹkà ni yóò mọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá ti pé sílé."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú Ekòlò jáde. Ọmọ rẹ̀ pọ̀. Bí òjò bá ti dá, gbogbo wọn a jáde lọ ṣeré nínú omi, àyà ìyá wọn a sì máa já títí wọn yóò fi dé. Bí wọ́n bá sì dé, kò mọ̀ bóyá wọ́n pé.

Ó wọ́ títí ó fi dé ilé ẹ̀kọ́, ó sì dùbúlẹ̀ sí iwájú pátápátá.

"Ẹ na ọwọ́ yín sókè," ni Ìyá Ìnàkí wí. "Inú ìka ni òǹkà ń gbé. Ìka kan, ení. Ìka kejì, èjì."

Ọwọ́ lọ sókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ekòlò, tiyín dà? Àbí ẹ gbàgbé ọwọ́ sílé ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Ìnàkí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹni tí kò ní ìka kò lè kọ́ òǹkà. Ẹ máa lọ sílé, kí ọkàn yín má baà gbọgbẹ́ níbí."

"Ìyá Olùkọ́, n kò wá tọrọ ìka. Mo fẹ́ mọ̀ bí àwọn ọmọ mi bá pé ni."

"Mo gbọ́, ìyá. Ẹ máa lọ."

Ohùn pẹ̀lẹ́ kò sọ àìdáa di dáadáa. Ìyá Ìnàkí rò pé àánú lòun ṣe, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ló tì.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ńlá rọ̀. Àwọn ọmọ Ekòlò jáde, wọ́n ṣeré, wọ́n wọlé. Ìyá wọn fara kàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé, ó sì rí i pé wọ́n pọ̀.

"Ṣé ẹ ti pé?"

"A ti pé, Màámi!" Ìdáhùn ọmọdé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn Ekòlò balẹ̀, ó sùn.

Ní àárọ̀, Ìyá Ìnàkí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lábẹ́ ewé gbígbẹ. Àbígbẹ̀yìn Ekòlò ni. Oòrùn ti ń ràn, ara ọmọ náà sì ti ń gbẹ.

"Ìyá rẹ kò wá ọ ni?"

"Kò wá mi. Bóyá kò fẹ́ mi mọ́."

 Ìyá Ìnàkí fi ìrì pa á lára, ó fi ewé kókò wé e, ó sì sáré gbé e lọ sílé ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ ò wá mi," ni ọmọ náà wí.

"N kò mọ̀ pé o kù síta," ni Ekòlò wí. "Ọmọ mi, n kò mọ̀."

Ìyá Ìnàkí kúnlẹ̀. "Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ má mọ̀. Ohun tí èmi ní ni mo fi ń kọ́ yín. N kò bi yín léèrè ohun tí ẹ̀yin ní."

"Kí ni mo ní? Erùpẹ̀ nìkan ni."

"Erùpẹ̀ náà tó. Bí ọmọ kan bá ń jáde, ẹ kó òkìtì kan sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá padà, kó dúró ti òkìtì rẹ̀."

Wọ́n dán an wò. Ọmọ kan jáde, òkìtì kan yọ, títí gbogbo wọn fi jáde tán. Nígbà tí wọ́n padà, oníkálukú dúró ti tirẹ̀. Òkìtì kan wà tí kò sẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ekòlò fara kàn án.

"Ẹnì kan kù!" ló kígbe. "Ìyá Olùkọ́, ẹnì kan kù, mo sì mọ̀!"

Àbígbẹ̀yìn ń rọra rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹsẹ̀ Ìyá Ìnàkí, níbi tó sá pamọ́ sí.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tún wọlé, Ìyá Ìnàkí kò ní kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́. "Ẹ fi ohun tí ẹ bá ní kà," ló wí. Ejò ká ara rẹ̀ ní ìká-ìká. Ìgbín fa ìlà sórí iyanrìn. Ọ̀kẹ́rẹ́, tí ẹyìn ọ̀pẹ tó ń kà ti pọ̀ ju ìka rẹ̀ lọ, rọra sún mọ́ Ekòlò.

"Ìyá Ekòlò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní erùpẹ̀ díẹ̀."

"Ọwọ́ rẹ dà?" ni Ekòlò bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sún erùpẹ̀ díẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni Ekòlò ti ń kó òkìtì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí òjò bá ti dá. Bí o bá rí wọn ní àárọ̀, má tẹ̀ wọ́n. Gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ìyá kan ń ka ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.