Ilé Tí Akàn Tò Sórí Yanrìn

— Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

— Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sínú omi iyọ̀.

— Ṣé ó rì?

— Kò rì. Orí Akàn ló bà lé.

— Akàn wo nìyẹn?

— Akàn tó ní òun mọ òkúta tò ju ẹni tó dá òkúta lọ.

— Ṣé ó mọ̀ ọ́n tò lóòótọ́?

— Ìwọ Àwẹ̀ró, fi irun ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ ná, kí o gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, ní etí òkun, ìgbì gbẹ́ kòtò jíjìn sáàárín àpáta ńlá kan. Omi òkun kún inú kòtò náà. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, omi inú kòtò kì í bá a lọ. Ó di adágún.

Mẹ́ta péré ló kọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀. Abilà kó wọ ibẹ̀, ẹja kékeré tó ní ìlà dúdú àti funfun lára. Ìyá Edé kó wọ ibẹ̀, arúgbó tí ń fi ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ gbálẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bàbá Ìgbín Òkun náà dé. Ẹ má bi mí ìgbà tó dé. Ó ṣáà dé.

Ìsàlẹ̀ adágún náà jẹ́ àpáta líle, ó tẹ́jú bí àwo. Yanrìn wà lápá kan. Òkúta òkun wà lápá kejì, wọ́n fúyẹ́, ihò sì kún ara wọn bí afárá oyin. Ṣùgbọ́n kò sí ilé. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí.

Wàhálà wọn nìyí. Bí òṣùpá bá ti di àrànmọ́jú, òkun a kún bo ẹnu adágún, Kúta a sì bá omi wọlé. Kúta, ẹja gígùn tí eyín rẹ̀ dà bí ayùn! Oṣù tó kọjá, gbogbo ọmọ Abilà ló gbé mì. Abilà sì tún ti lóyún báyìí. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí òṣùpá kún.

Ọjọ́ náà gan-an ni Akàn fẹ̀gbẹ́ wọlé. Ebi ń pa á. Ó rí ikùn Abilà tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, itọ́ sì kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé itọ́ náà mì kíá.

"Ẹ kú ilé o," ni Akàn wí. "Ilé ọ̀hún dà?"

"A ò tíì ní," ni Abilà dá a lóhùn. "A ò mọ òkúta tò."

"Ha! Orí yín ṣe ire. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Kí ni ẹ ó gbà, Ọ̀gá Akàn?"

"Èmi? N ò gba nǹkan kan. Ẹ ṣáà fún mi ní yàrá kan nísàlẹ̀. Kékeré. Èyí tó bá burú jù nínú wọn."

Bàbá Ìgbín yọ ojú méjèèjì síta. "Oníṣẹ́ tí kò gba nǹkan kan," ó ní, "bí ó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tán, ka ìka rẹ."

"Bàbá, ẹ̀yin ò kúkú ní ìka," ni Akàn dá a lóhùn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Akàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ yanrìn ká gbogbo ìsàlẹ̀. Ìyá Edé kọ̀, ó dúró.

"Ọmọ mi, nílé tiwa, òkúta ló ń kọ́kọ́ jókòó. Ìdí rẹ̀ á kan àpáta. Lẹ́yìn náà la ó wá da yanrìn yí i ká."

"Ìyá, tí àlejò bá wá sílé yín, ṣé ẹ kì í tẹ́ ẹní kó tó jókòó?"

"À ń tẹ́ ẹ."

"Òkúta ni àlejò. Yanrìn ni ẹní."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwọn yòókù. Abilà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ń dun òun, ibi tó rọ̀ lòun fẹ́.

"Ẹní kì í rìn," ni Ìyá Edé wí. "Yanrìn ń rìn."

"Ta ni yóò gbé e rìn?" ni Akàn béèrè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tó fẹ̀ bí ṣọ́bìrì.

Ohun tó ń rò nìyí. Akàn kò lè gbẹ́ àpáta. Ṣùgbọ́n ta ló mọ yanrìn gbẹ́ bíi tirẹ̀? Bí ilé bá jókòó sórí yanrìn, abẹ́ gbogbo yàrá di ọ̀nà fún un.

Ọjọ́ méjì ló fi tò ó. Ó to òkúta lé òkúta, ó fi ti ògiri adágún pátápátá, ó ga bí òkìtì ọ̀gán. Kò fi àlàfo kankan sílẹ̀.

"Omi ò ráyè kọjá," ni Ìyá Edé tún wí. "Èmi náà ò ráyè gbá ẹ̀yìn ilé."

"Ìyá, ibi tí omi ń gbà wọlé ni olè ń gbà."

"Olè wo ló wà níbí?"

"Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni."

Akàn fún Abilà ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó mú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Abilà yé ẹyin rẹ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín yàrá, ó ń fi ìrù fẹ́ omi sí wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jáde lọ wá nǹkan fi sẹ́nu. Nígbà tó padà, ó kígbe.

"Ọ̀gá Akàn! Ẹyin mi dín!"

Akàn yọjú, ó ń nu ẹnu. "Ẹyin tuntun? Wọ́n máa ń sún mọ́ra ni. Òtútù."

"Òtútù?"

"Omi ilé tuntun máa ń tutù."

Abilà wò ó títí. Láti ìgbà náà, kò kúrò nídìí ẹyin rẹ̀, ebi ì báà pa á.

Èyí ká Akàn lára. Ìwọ̀nba tó jẹ lánàá ṣì ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀. "Kí ni mo ń ṣà wọ́n jẹ bí ẹyẹ fún?" ni ó bi ara rẹ̀. "N ó gbẹ́ abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ yẹn. Á já bọ́ síwájú mi, tòun ti ẹyin. N ó gbé e, ó di òkun."

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Lókè, Ìyá Edé ń gbálẹ̀ ní tirẹ̀. Ó gbá ibì kan, ibẹ̀ jìn. Ó tún un gbá, ó tún jìn sí i.

"Abilà," ó rọra sọ ọ́. "Ilẹ̀ rẹ ń rìn."

Abilà sáré ké sí Bàbá Ìgbín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti òkúta pẹlẹbẹ náà jáde, ó di ibi tí Ìyá Edé ti gbá yanrìn kúrò, tí àpáta hàn. Bàbá Ìgbín ló ń tì í lẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn nìkan ló yára láyé rẹ̀.

Akàn ò mọ̀. Ó gbẹ́ títí, òkúta ò já. Ó gbẹ́ sọ́tùn-ún. Kò já. Ó gbẹ́ sósì. Kò já. Inú bí i. Ó na ọwọ́ ńlá, ó wọ́ gbogbo yanrìn tó kù.

Ó gbọ́ kẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń bọ̀!"

Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Gbogbo ilé ló ń bọ̀. Gbìì!

Nígbà tí omi tòrò, ojú Akàn nìkan ló hàn, àti ẹsẹ̀ méjì.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbé òkúta kúrò lórí mi!"

"Èwo nínú wọn?" ni Ìyá Edé bi í.

"Gbogbo ẹ̀!"

"Kí lò ń wá lábẹ́ yàrá Abilà?"

"Mo… mo ń yẹ ìpìlẹ̀ wò ni."

"Ṣé o rí i?" ni Bàbá Ìgbín béèrè.

Wọn kò ráyè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ márùn-ún ti pé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kúta ń bọ̀. Wọ́n gbá yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òkúta kúrò lórí Akàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣeun! Ẹ ṣe é kíá!"

"A ò ṣe é nítorí tiyín," ni Abilà wí. "Òkúta la nílò."

Wọ́n gbé mẹ́ta tó tóbi jù kalẹ̀ sórí àpáta. Wọ́n gbé ìkẹrin lé wọn, Ìyá Edé mì ín, kò mì. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ilé àti ògiri, kí omi lè kọjá. Ẹnu ọ̀nà kò ju ara Abilà lọ. Wọ́n ti ẹyin wọlé, wọ́n wá da yanrìn yí ẹsẹ̀ ilé ká. Ó ku òkúta kan, ó sì wà lórí ọwọ́ ọ̀tún Akàn. Wọ́n fa Akàn. Akàn jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a jáde.

Òkun kún. Kúta dé. Ó fi imú gbá ẹnu ọ̀nà, kò gbà á. Ó fi ìrù na ilé, ilé ò mira. Ó yípo yípo títí omi fi fẹ́ fà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ẹyin Abilà pa.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ ni ilé yóò wó bá a. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́lé, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ẹ bi ẹni tó ń gbálẹ̀.

Akàn ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Kúta lọ ló yọ nínú yanrìn tó sá sí, ó fẹ̀gbẹ́ jáde, tòun ti ọwọ́ kan. Bàbá Ìgbín bi í bóyá kò ní bẹ Abilà kó tó lọ. Akàn yíjú padà lẹ́nu adágún.

"Ẹ ṣáà rántí pé èmi ni mo kó òkúta yẹn jọ fún yín."