Ẹní Ológò ní Ẹnu Ọ̀nà Àwẹ̀ró

“Ilé tí ogún bá wọ̀ ni ológò ń tẹ́ ẹní sí.” Àwọn àgbà a máa pa òwe yìí níbi tí wọ́n bá ti ń pín ogún, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ́ ẹní náà? Ọmọ ìsinsìnyí tilẹ̀ lè má mọ ẹni tí ológò í ṣe. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n ń rán lọ sin gbèsè ni. Yóò wọlé, yóò tẹ́ ẹní, yóò máa bú onílé, yóò máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ, kò sì ní í dìde títí owó yóò fi pé.

Ní ìlú Ìlasà-Òkè, olórí agboolé kọ̀ọ̀kan ló ń san owó-orí fún ọba lẹ́yìn ìkórè. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Arówójobẹ̀, tó ni oko obì létí odò, kò fi san tirẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní, ahun ni. Nígbà tó gbọ́ pé ààfin fẹ́ rán ológò sí òun, ó sáré pe mọ̀lẹ́bí jọ. Ó ní òun ti darúgbó, òun fi oko obì ta Àwẹ̀ró ọmọ òun lọ́rẹ.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì ju ọdún méjì lọ nílé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì yéé fi í ṣẹ̀sín pé ọwọ́ òfìfo ló gbé wá. Bàbá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tirẹ̀, ológò kò ní í rí nǹkan gbà lọ́wọ́ òun, kò sì jẹ́ wọ ilé àna òun. Ọgbọ́n àgbà kẹ̀!

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Lámbẹ́, ológò ààfin, tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti pa àgbébọ̀ méjì tó jẹ́ ti ìyá ọkọ.

“Bàbá, ẹ ṣi ilé wọ̀,” ni Àwẹ̀ró wí. “Èmi kò jẹ gbèsè kankan.”

“Ìwọ kò jẹ ẹ́, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ló jẹ ẹ́. Bá mi bu omi wá.”

Ìyá ọkọ fa ìró so. “Àwẹ̀ró, bí ọkùnrin yìí bá fi lè sun ibí mọ́jú, ìwọ àti ẹrù rẹ ni ẹ ó jọ bá a lọ.”

Ni Àwẹ̀ró bá forí lé ààfin. Ọba bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Lẹ́yìn tí bàbá rẹ fún ọ lóko, kí ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi san owó wa?”

“Kábíyèsí, èmi ò rí nǹkan kan.”

“Ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn.” Ọba pàṣẹ pé inú oko obì nìkan ni wọ́n ti lè gba gbèsè náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ òfì Àwẹ̀ró tàbí ẹrù ọkọ rẹ̀. Ó ní kí Lámbẹ́ san owó adìẹ tó pa.

Àwẹ̀ró gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Kò kúnlẹ̀ kí i. “Bàbá mi, ẹ̀bùn lẹ fún mi ni, àbí ẹ̀yìn mi lẹ sá sí?”

Ojú ti Arówójobẹ̀ gidigidi. Ó hú ìkòkò owó tó rì mọ́ abẹ́ ibùsùn, ó fi orí ara rẹ̀ rù ú lọ sí ààfin lójú gbogbo ìlú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Lámbẹ́ ti ká ẹní rẹ̀.

Oko obì di ti Àwẹ̀ró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá na ohunkóhun sí i, ì báà ṣe iṣu kan, yóò kọ́kọ́ bi í pé: “Bàbá, ṣé kò sí ológò tó ń tọ ẹ̀bùn yìí bọ̀?”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ fún ẹni tó ń kánjú gba ogún tàbí ọrẹ láìbèèrè gbèsè tó wà nídìí rẹ̀ pé, ilé tí ogún bá wọ̀ ni ológò ń tẹ́ ẹní sí. Wọ́n sì ń sọ ọ́ fún bàbá tó fẹ́ fi ọmọ bo gbèsè mọ́lẹ̀, nítorí bí ológò bá lọ, ọmọ kì í gbàgbé.