Èékánná Àjíún

Àràárọ̀ ni Àjíún ń fi èékánná pa kòkòrò funfun tó ń mu oje àbámodá tí ìyá rẹ̀ fún un, torí ewé náà ti fẹ́ kú.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyá Dúró, ọwọ́ rẹ ti dà bí ti alápatà.”

“Baba Dúró, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Inú ìkòkò tí ẹ gbin ewé tiyín sí, tí ẹ ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn, ni àwọn kòkòrò yìí ti ń rá wá.”

Ọkọ yẹ abẹ́ ewé tirẹ̀ wò. Kòkòrò kún un fọ́fọ́. Ó wúkọ́, ó po omi ọṣẹ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì nu ewé méjèèjì.

Àbámodá ti rúwé báyìí. Baba Dúró ń sọ fún gbogbo àlejò pé òun lòun wò ó sàn. Àjíún ní òótọ́ ni, kí wọ́n ṣáà máa nù ún lọ.