Ìlà Méjì Péré

Apẹja kan wà ní ìlú etí òkun kan ní Dẹ́nmáàkì, ó sì fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ obìnrin kọjá ààlà. Ní ọdún kan tí wọ́n fẹ́ dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àbúrò náà jáde dupò. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n fẹ́ ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú wọn pa, ó sì gbà pé tí òun bá wọlé, òun yóò dá wọn dúró.

Ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń gba àga gẹ́gẹ́ bí ìbò rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, ẹni tí ìbò orúkọ rẹ̀ bá sì pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ni yóò gba àga náà. Àga kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn lè rí ní agbègbè yẹn. Nọ́ọ̀sì yìí àti agbẹjọ́rò kan ló ń dù ú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, obìnrin náà yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fa ìlà méjì kọjá ara wọn síwájú orúkọ mi, kí ẹ ká ìwé náà, kí ẹ jù ú sínú àpótí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí apẹja dé ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi bo ibi ìdìbò, ó fa ìlà méjì náà. Ó wò ó, ó kéré lójú rẹ̀. Ó wá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ ìyá mi, Ọlọ́run á gbé ọ débẹ̀." Bó ṣe jáde, ó sọ ọ́ sétí ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìlà. Ìyàwó náà wọlé, ó kọ ọ̀rọ̀ sí tirẹ̀ náà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń ka ìbò orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì wù ú ló lè wá wò wọ́n. Apẹja wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Obìnrin tó ń kà á mú ìwé méjì, ó yọ wọ́n sọ́tọ̀. Òfin wọn ni pé wọn kì í ka ìwé tó bá ní àmì tí a fi lè dá ẹni tó ni ín mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ra ìbò, kó sì fi àmì náà mọ̀ pé ẹni tó gbowó dì í lóòótọ́. Ó ní, "Ẹni tó kọ èyí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó mà ṣe o."

Ìbò kan ṣoṣo ni agbẹjọ́rò fi borí. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa.

Láwọyin, ìdí tí mo fi ní kí o jókòó nìyí. Lọ́la ni àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ rẹ. Ohun tí ọmọ náà bẹ̀ ọ́ kò ju kí o dìde, kí o ní, "A gbà, a dúpẹ́," kí o sì jókòó. Mo gbọ́ pé o ti kọ ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́ta, àti pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó kọ́kọ́ já ọmọ náà sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni ti apẹja.

Mú ìwé náà wá. Lọ́la, fa ìlà méjì tìrẹ, kí o sì jókòó.